Ilé Kékeré Ẹ̀yìn Ilé Bàbá Kùmásí

Ẹni tó bá ti Ìlọrin jáde, tó gba Gánmọ̀, tó kọjá Ìdófíàn, tó wá yà ní Àjàṣẹ́-Ìpo sí ọ̀nà Òmù-Àrán, á rí i pé ilé pọ̀ ju èèyàn lọ lọ́nà yẹn. Petẹ́ẹ̀sì gàgàrà, òpó rìbìtì níwájú, géètì onírin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà, àgádágodo lẹ́nu rẹ̀. Onílé wà l'Ékòó, tàbí l'Ábújá, tàbí l'Ámẹ́ríkà. Bó bá di Kérésì tàbí Iléyá, tàbí tí òkú kan bá délé, géètì á ṣí, jẹnẹrétọ̀ á máa ké, ọmọdé á kún inú ọgbà fọ́fọ́. Tí ayẹyẹ bá ti parí, wọ́n á tún tì í pa, alángbá á gba ọgbà padà.

Ẹ̀yin ará Ìgbómìnà, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ ohun tí ilé ní ìlú ẹni jẹ́ fún ọmọkùnrin tó lọ sájò. Àwọn ilé tuntun yẹn kọ́ ló ń dùn mí. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n, wọ́n á dúró dè yín. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ni mò ń wí, ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá bàbá yín kọ́ láyé òyìnbó, tí ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n parí rẹ̀ gàdàgbà sókè iwájú ilé. Àwọn yẹn ò lè dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Òjò méjì mẹ́ta sí i, wọ́n á lọ. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò ju báyìí lọ: ẹ máa fi wọ́n háyà. Ẹ jẹ́ kí àjèjì sanwó kó wá sùn síbẹ̀.

Mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà, nítorí mo háyà ọ̀kan. Kì í ṣe ilé ńlá gan-an o, ilé kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan, tí wọ́n kọ́ fún àlejò nígbà ayé bàbá tó ni ín. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, torí àwọn mọ̀lẹ́bí náà ò rán mi ní ìpolówó, ẹ ó sì máa yọ Ìyá Àgbà lẹ́nu. Kò sáà jìnnà sí Èsìẹ́.

Tánkẹ̀ ni mò ń gbé n'Ílọrin. Ẹni tó bá mọ Tánkẹ̀ mọ̀ pé ìyẹn ti tó àlàyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ló yí mi ká, jẹnẹrétọ̀ tàwọn, orin tàwọn, ìjà ọ̀rẹ́kùnrin òun ọ̀rẹ́bìnrin láàjìn tàwọn. Mo ní iṣẹ́ ìwé kan lọ́wọ́ tí kò fẹ́ parí láàrin gbogbo ìyẹn. Nígbà yẹn ni àbúrò mi tó wà ní England fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Òun àti ìyàwó ẹ̀ àti àwọn ọmọ ti kó lọ sí ìgbèríko fún ìsinmi, wọ́n háyà ilé olókùúta kékeré kan nínú ọgbà ọlọ́lá kan, ibi tí olùṣọ́gbà wọn ń gbé láyé ọjọ́un. Àgùntàn ń jẹko lẹ́nu fèrèsé. Ilé ńlá ọlọ́lá náà wà lókè lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní ibẹ̀ dákẹ́ débi pé àwọn ọmọ ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Iye tó san fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, mo ṣírò rẹ̀ sí náírà, mo sì pa fóònù náà dé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn ilé ọlọ́lá yẹn. Mo ti rò pé ọrọ̀ ló mú kí wọ́n ṣì dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1894 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi owó orí ńlá lé ogún. Bí ọlọ́lá bá kú, àrólé rẹ̀ ní láti san nínú ohun tó jogún, owó orí náà sì ń pọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ogun àgbáyé méjèèjì wá pa àwọn àrólé mìíràn láàárín ọdún díẹ̀ síra, ìyẹn ni pé ilé kan lè san owó orí ikú lẹ́ẹ̀mejì kí ojú tó mọ́. Ilé tí wọ́n wó palẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Àwọn tó ṣẹ́kù wá ọgbọ́n dá. Wọ́n ṣí ilé ńlá fún ẹni tó fẹ́ sanwó wò ó, wọ́n fi ilé olùṣọ́gbà, ilé olùṣọ́dẹ àti ilé ẹnu géètì háyà. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Landmark Trust, tí tọkọtaya kan dá sílẹ̀ ní 1965 (kò kan Yunifásítì Landmark tó wà ní Òmù-Àrán o). Ilé àtijọ́ tó ti fẹ́ wó ni wọ́n ń gbà, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á wá máa fi háyà fún ọlọ́jọ́ díẹ̀, kí owó náà lè máa tọ́jú ilé. Ilé wọn tó bíi 200. Wọn kì í gbé tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀. Ìwé kan máa ń wà lórí tábìlì tí àlejò kọ̀ọ̀kan ń kọ̀rọ̀ sí kó tó lọ.

Tiwa yàtọ̀. Àrólé kan ṣoṣo ló ń jogún ilé àwọn ọlọ́lá yẹn, owó orí ló sì fẹ́ pa á. Ní tiwa, àrólé ló pọ̀ jù. Bàbá tó láya mẹ́rin bímọ ogún, ó kú, ilé di ti gbogbo wọn. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ìyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á fi ṣírò. Bí wọ́n bá ní orí-ò-jorí ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí, ẹjọ́ Danmole àti Dáwódù, ó gba ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn títí ó fi dé Privy Council ní London ní 1962, wọ́n sì fọwọ́ sí i níbẹ̀ pé ìdí-igi ni òfin ilẹ̀ wa, pé bí ìjà bá dé, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo nínú ìdí-igi àti orí-ò-jorí ló sọ ẹni tó máa ra páànù? Ogún ọmọ ti di ọgọ́rin ọmọ-ọmọ. Ẹnikẹ́ni ò lè tà á, torí ilé bàbá ẹni ni, bàbá náà sì wà nínú rẹ̀, sàréè rẹ̀ wà lójúde. Ẹnikẹ́ni ò sì lè tún un ṣe, torí bó bá tún un ṣe, wọ́n á ní ó fẹ́ sọ ọ́ di tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òjò á ṣe máa rọ̀.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi mọ ilé tèmi. Ilé ìyá ìyá rẹ̀ ni. Mo ní kó bá mi bi wọ́n bí wọ́n bá lè fún mi ní yàrá kan fún oṣù díẹ̀, kí n máa sanwó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aǹtí, sísanwó yẹn gan-an ni wàhálà." Òótọ́ ló sọ. Mọ̀lẹ́bí náà ní gúrúùpù kan lórí WhatsApp tí èèyàn tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn tó wà ní Kàdúná, ní Jos, l'Ékòó, ní Houston. Ó fi ọ̀rọ̀ mi síbẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti di ogun. Ẹ̀gbọ́n kan láti Èkó kọ ọ́ pé, "Ṣé ilé bàbá wa ti wá di hòtẹ́ẹ̀lì báyìí?" Ẹlòmíràn ní òun ti gbọ́ nípa àwọn yahoo tó ń wá ibi tí wọ́n máa sá sí. Ẹnì kan fẹ́ mọ ẹ̀sìn mi. Ẹnì kan bi í pé kí ni obìnrin fẹ́ dá ṣe níbẹ̀, kí ló dé tí kò sí lọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aǹtí wọn kan tó wà ní Jos fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ọ nígbà tó yá. Ohùn àgbàlagbà ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ta ló ń gbá ibẹ̀?"

Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ẹni tó ń gbá ibẹ̀ ò sí nínú gúrúùpù, torí fóònù rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń gba WhatsApp. Ìyá Àgbà ni. Ìyàwó ilé ni, opó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bàbá tó kọ́lé. Ẹ sì mọ bí àṣà wa ṣe rí: ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìpín, òun ò ní. Òun yìí ló ń gbálẹ̀ láràárọ̀, òun ló ń dáná sí ilé ìdáná ẹ̀yìn, òun ló mọ ibi tí òrùlé ti ń jò. Dáwódù wọn, ìyẹn olórí ẹbí, ẹni bí ọdún 65 tó fẹ̀yìn tì s'Ílọrin, ló gbéra tó lọ bi í léèrè. Ìyá ní kí n máa bọ̀. Ó ní nǹkan kan péré lòun fẹ́, kí owó má gba gúrúùpù kọjá, ọwọ́ òun ni kí n máa san án sí, òun á fi ra páànù.

Ó ku àdéhùn. Dáwódù ló sọ ọ́ fún mi lójúde ilé rẹ̀ ní Adéwọlé, bí ẹni tó ń ka òfin. Mi ò gbọdọ̀ gbé ọkùnrin wọlé tí kì í ṣe ọkọ mi. Ọjọ́ ọdún ńlá, mo lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n màá gba àlejò mọ́ra. Bí òkú bá délé, màá kó jáde, torí ilé àlejò ni, àlejò òkú ló sì ju gbogbo àlejò lọ. Mo ní mo gbà. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ Ìlọrin ni yín, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó mirí, kò sọ nǹkan kan.

Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo mọ ìdí tó fi mirí. Àwọn ìyàwó ilé kì í pe ẹni tí wọ́n bá nílé lórúkọ, wọ́n á fún un ní ìnagijẹ ni. Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n bá nílé, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá pè mí, torí ẹni tó ń sanwó ilé ò jọ ọmọ ilé, tí kò sì jọ àlejò. Obìnrin kan tó ń gúnyán lójúde bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Ìlọrin. Ó gbé ọmọ odó dúró. "Háà! Ajẹ́lẹ̀ tún ti dé!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láyé ogun, Ìlọrin ló ń rán ajẹ́lẹ̀ sí ìlú Ìgbómìnà láti máa jẹ lé wọn lórí. Ìyà ajẹ́lẹ̀, pàápàá ti Ìbàdàn, wà lára ohun tó mú kí Ìgbómìnà dara pọ̀ mọ́ Èkìtì Parapọ̀ láti gbógun ti Ìbàdàn, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886. Òyìnbó dé, ó tún so wọ́n mọ́ Ìlọrin, títí dòní la jọ wà ní Kwara. Orúkọ yẹn ni mo jẹ́ níbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ọmọdé tí wọ́n bá rán sí mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kúnlẹ̀, á ní, "Ajẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí ẹ wá jẹyán." Mo máa ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí. Wọ́n kọ 1936 sí iwájú ilé ńlá, 6 ìkẹyìn ti já díẹ̀. Petẹ́ẹ̀sì olókè kan ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ ìrókò, fèrèsé onípákó, páànù rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Páànù ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú irin ló kó o dé Ọ̀fà, torí rélùwéè ti dé Ọ̀fà kí 1910 tó pé, wọ́n wá fi orí rù ú láti ibẹ̀. Ìyá Àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá ọkọ òun wí. Àdán ló ń gbé òkè rẹ̀ báyìí. Láàárín ilé ńlá àti ilé tèmi ni ibojì bàbá náà wà, wọ́n fi táìsì funfun lẹ̀ ẹ́ yíká, ó tẹ́jú, oòrùn sì ń pa á dáadáa. Nítorí náà, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá èlùbọ́ sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró, mo ń wo iṣu gbígbẹ tó bo orúkọ bàbá náà pátápátá. Ìyá Àgbà rí mi. Ó ní, "Oníṣòwò ni wọ́n. Ibi tí wọ́n bá wà, ọjà á wà níbẹ̀."

Ilé tèmi tutù. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí oòrùn Ìlọrin ń yan èèyàn lórí, màá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ògiri lọ́sàn-án gangan, á tutù nini. Amọ̀ tó nípọn kì í tètè gba ooru. Bó bá fi máa gbà á tán, ilẹ̀ á ti ṣú, á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ kì í fi í wọ ibẹ̀. Mi ò nílò fáànù. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí iná ọba kì í wá déédéé. Mo gbé sólà kékeré kan lọ fún kọ̀ǹpútà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí àfi nídìí máńgòrò ẹ̀yìn kànga, ibẹ̀ ni gbogbo agboolé ti ń pe ọmọ wọn, torí náà gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ gbogbo wa.

Bí páànù bá ti lu, tí òjò gba ibẹ̀ wọ orí ògiri, amọ̀ á máa mu ún láti òkè wá, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ojú rẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ títí ọjọ́ tí ògiri á fi yọ ikùn tí á sì dà wó. Igun kan lára ilé tèmi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bírìkìlà ọ̀dọ́ kan tí wọ́n pè wá wò ó ní, "Aǹtí, ẹ jẹ́ ká kúkú wó o, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ." Ìyá Àgbà lé e lọ. Ó wá bàbá kan rí ní ìlú kejì tó ṣì mọ iṣẹ́ amọ̀. Bàbá náà ha sìmẹ́ǹtì igun yẹn kúrò pátá, ó pò amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, ó jẹ́ kó sùn, ó fi dí i, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó mí. Owó ilé mi la fi san tiẹ̀, òun náà la fi ra páànù tó bo igun náà. Ó dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ láti rí ohun tí owó ilé mi ṣe lójú ara mi. Ní Tánkẹ̀, ẹjẹ́ńtì ń gba tiẹ̀, lọ́yà ń gba tiẹ̀, onílé ń gba tiẹ̀, páńpù sì ti bàjẹ́ látọdún tó kọjá.

Ti ikán ńkọ́? Èéfín ni. Ilé ìdáná tí wọ́n ti ń fi igi dáná, òkè àjà rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ikán ò sún mọ́ ọn. Òkè ilé ńlá tí wọn ò dáná sí mọ́, wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Bàbá tó kọ́lé yìí, Bàbá Kùmásí ni gbogbo ìlú ń pè é. Gold Coast, tó di Ghana lónìí, ló ti rówó. Àìmọye ọmọ Ìgbómìnà, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló lọ síbẹ̀ lọ ṣòwò láyé ọjọ́un, wọ́n ń gbé aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú títí wọ́n fi ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kú nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá ọjà lọ ní Kùmásí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé Ìyá Àgbà níyàwó. Títí dòní, bó bá ń ka owó tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ iye rẹ̀, Twi ló fi ń kà á: baako, mmienu, mmiɛnsa. Àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí, òun ni kò mọ̀ pé wọ́n mọ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tí mò ń sùn, ní ìsàlẹ̀ níbi tí èèyàn máa rí bó bá jókòó sílẹ̀, ẹnì kan fi ìṣó ha nọ́ńbà sára ògiri. Wọ́n tò ó sísàlẹ̀ bí ìṣirò, wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ọmọ iléèwé kan ló ń ṣeré. Mo bi Ìyá Àgbà. Ó ní ọkọ òun ló kọ ọ́, gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n ní ọjà Kejetia ni. Ọjọ́ tí wọ́n délé láti Kùmásí ló kọ ọ́ kó má baà gbàgbé.

Oṣù kọkànlá 1969 ni. Ìjọba Kofi Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ kú síbẹ̀, ta ló ń wá ìwé látijọ́? Àwọn tó jẹ wọ́n lówó ti gbọ́, wọ́n ti sá pamọ́. Ìyá Àgbà tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sókè ìdí, ó pọn ọmọ, wọ́n gun lọ́rì gba Togo, gba Dahomey, wọ́n délé. Àwa náà lé wọn ní 1983, a ò lè máa sọ̀rọ̀ bíi pé àwa nìkan ni wọ́n ṣẹ̀.

"Ilé tí o pè ní ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn," ó wí fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín, "ìgbà tí a dé, bí o bá fẹ́ yíra padà lóru, wàá kọ́kọ́ jí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ." Ilé ńlá ti kún, ìdílé mẹ́ta ló wà nínú ilé kékeré. Àwọn ọmọdé ò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ará ìlú ń bọ̀ wá wò wọ́n lójúmọmọ. Wọ́n wà níbẹ̀ títí oníkálukú fi rí ibi kan lọ, sí Èkó, sí Kàdúná, sí Jos, wọ́n sì bímọ sí ibẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ló wà nínú gúrúùpù. Mo bẹ àwọn tó wá kun yàrá náà pé kí wọ́n má kan nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Wọ́n kùn ún yí i ká.

Mo lọ sí Èsìẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dé apá ibẹ̀ tí kò lọ, ó ṣe ara rẹ̀. Wọ́n lé ní 800, òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, wọ́n dirun lóríṣiríṣi, ilà wà lójú wọn, àwọn kan mú ohun ìjà dání. Ọ̀pọ̀ ti kán lọ́rùn. Ní 1933, òyìnbó kan tó ń bẹ iléèwé ìjọ wò, Ramshaw, ni ó kéde wọn fún ìjọba, ní 1945 wọ́n kọ́lé sí ibẹ̀ fún wọn, òun sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwọn ará ìlú ní èèyàn ni wọ́n rí, àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n di òkúta. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ bá wọn níbẹ̀ ni, wọn ò sì lé wọn. Wọ́n ń ṣọdún fún wọn. Mo ro ti ẹ̀gbọ́n Èkó yẹn nígbà tí mò ń bọ̀, èyí tó ní kí ilé bàbá òun má di hòtẹ́ẹ̀lì. Ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ti ń gba ẹni tí kò mọ̀ rí lálejò láti àtayébáyé, ó sì ti sọ ọ́ di mùsíọ́mù.

Òkú délé nígbà tó yá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Kàdúná ni. Dáwódù pè mí, ó tọrọ àforíjì, ó rán mi létí àdéhùn. Mo ti ń di ẹrù. Ìyá Àgbà wọlé, ó bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní Ìlọrin, mọ́mì, ẹ̀yìn àlejò màá padà. Ó ní, "Ta ló máa bá mi fọ abọ́?" Yàrá rẹ̀ ni mo sùn sí, èmi àti àwọn obìnrin mìíràn lórí ẹní. Ilé kékeré mi kún dé ẹnu. Wọ́n na kánópì dé ara ibojì bàbá, wọ́n kó èlùbọ́ kúrò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, wọ́n pa màlúù, wọ́n gbé sípíkà ńlá wá láti Òmù-Àrán, ariwo Tánkẹ̀ ò tó ọ. Mo fọ abọ́ débi pé ọwọ́ mi hun jọ. Ẹ̀gbọ́n Èkó wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Ìyá Àgbà, ó sì bi í pé obìnrin wo ló wà nídìí abọ́ yẹn, òun ò mọ̀ ọ́n. Ìyá ní, "Ajẹ́lẹ̀ ni." Kò mọ̀ pé èmi ni hòtẹ́ẹ̀lì tó ń bínú sí. Ó ta mí lọ́rẹ.

Ẹni tó ń ka èyí tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ á ti máa ṣírò. Ó dáa. Ẹ má fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó bá ẹni tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé náà, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Houston. Ẹ má fi táìsì bo ilẹ̀ alámọ̀ kí ẹ ní ẹ̀ ń tún un ṣe. Ẹni tó bá wá háyà á fara da ṣáláńgá bí ó bá mọ ohun tó wá ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ háyà, bó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi yín ibi tí ẹ̀ ń lọ àti ohun tí ẹ jẹ, hòtẹ́ẹ̀lì wà n'Ílọrin.

Gúrúùpù náà ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ mìíràn báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó fẹ̀yìn tì ti gbọ́, ó fẹ́ gba yàrá méjì níwájú ilé ńlá fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi fóònù ọmọ kan gbé Ìyá Àgbà wọ gúrúùpù náà, òun ló sì dá iye owó. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n á mú fóòmù ibùsùn tiẹ̀ wá. Ó ní wọ́n á máa dáná sí ẹ̀yìn ilé ńlá láràárọ̀, bó bá wù ú bí kò wù ú, torí ikán. Ó ní èlùbọ́ ò ní kúrò níbi tó wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gba gbogbo rẹ̀. Ewúrẹ́ tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú nìkan ni wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí.